Àmúwá Ta Ni? Omi Odò Ògùn àti Olóko Ẹ̀fọ́ Owódé Onírin

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ràn láti máa lò nígbàkúùgbà tí omi bá ya wọ ìlú: àmúwá Ọlọ́run. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni wọ́n fi mọ́ mú àti wá, ó di àmúwá, ìyẹn ohun tí ẹnìkan mú wá. Ọ̀rọ̀ náà kì í fẹ́ dá dúró láìní olóhun. Bí o bá sọ pé "àmúwá ni" lásán, ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò bi ọ́ pé, àmúwá ta ni?

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ bi lórí omi tó ń gbé oko ẹ̀fọ́ lọ ní Owódé Onírin àti agbègbè rẹ̀ nígbà ìkórè. Kí n tó lọ jìnnà, mo fẹ́ sọ ohun tí mo gbà gbọ́. Apá kan nínú omi yẹn ní ẹni tó ń ṣí i, ó sì ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i. Olóko kékeré tó wà nísàlẹ̀ odò wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ọjọ́ náà, ní èdè tí ó gbọ́, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè ká nǹkan kúrò lóko.

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Mile 12 lọ sí Ìkòròdú kò lè ṣàì mọ Owódé Onírin. Irin ló wà nínú orúkọ rẹ̀, irin náà ló sì kún ojú títì: irin ọkọ̀, irin ilé, irin tó ti dípẹtà tí wọ́n ń wọ̀n tà ní kílò. Ògún ló ni irin. Ṣùgbọ́n odò agbègbè náà kì í ṣe Ògún, Ògùn ni, ohùn ìsàlẹ̀ ni sílébù méjèèjì, odò tí àwọn àgbà so mọ́ Yemọja. Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi àmì ohùn sí i, nítorí náà òrìṣà àti odò ti di ọ̀kan lórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọjá lórí títì. Gbogbo ayé ló mọ Owódé ti Ògún. Owódé ti Ògùn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ẹ̀bá odò yìí, láti ìhà Kétu àti Agbóyì dé Mile 12 àti Owódé, títí lọ sí ìhà Ajégúnlẹ̀, àwọn èèyàn ń dáko. Oko wọn kò tóbi. Ebè tí àwọn fúnra wọn ń pè ní bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń ka oko, wọn kì í ka éékà. Ewédú, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ilá àti àgbàdo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ilẹ̀ náà. Àdéhùn ẹnu ni wọ́n fi gbà á, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Yorùbá wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀, Hausa náà wà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí ìyá olóúnjẹ ń sè fún wa lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti wá.

Àwọn bàbá wa ní orúkọ fún irú ilẹ̀ yẹn: àkùrọ̀. Ilẹ̀ tí omi máa ń bò, tí yóò sì fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ nígbà tó bá fà. Ìdí tí ilẹ̀ náà fi dára ni pé omi máa ń dé ibẹ̀. Olóko àkùrọ̀ kì í bá omi jà. Àkókò ló ń bá omi pín. Ó ń gbìn lẹ́yìn tí omi bá fà, ó sì fẹ́ kórè kí omi tó padà. Ohun gbogbo dá lórí kí ó mọ ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbà náà dáadáa. Tẹ̀tẹ̀ máa ń tó ká láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ewédú ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ilá ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ní nǹkan bí oṣù méjì, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa ká a ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbó. Àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n gbìn ní oṣù Kẹjọ, tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń retí láti ká a ní tútù. Nítorí náà, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni ọ̀pọ̀ nǹkan máa ń wà lórí ilẹ̀ tí kò tíì di owó.

Oṣù méjèèjì yẹn náà sì ni odò Ògùn máa ń kún jù. Òjò Èkó máa ń pọ̀ jù ní oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò Èkó nìkan ló ń kún odò. Ìhà Ṣakí, ní Òkè Ògùn, ni odò náà ti ń bọ̀. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó gba Ìṣẹ́rí, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kó tó tú sínú ọ̀sà. Òjò tó rọ̀ sí òkè ní oṣù Kẹsàn-án, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ìyẹn ti wà láti ayébáyé, àwọn àgbàlagbà sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń wo àwọ̀ omi, wọ́n ń wo ewé àti igi tó ń bá omi bọ̀ láti òkè, wọ́n sì mọ iye ọjọ́ tó kù.

Nígbà tó yá, dáàmù dé. Odò Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tó ń ṣàn sínú Ògùn. Wọ́n sé e lókè Abẹ́òkúta, Ààrẹ Shehu Shagari sì ṣí ìsédò náà ní 1983. Ó lè gba omi tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, Ogun-Oshun River Basin Development Authority, tó fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ló ń bójú tó o. Ohun mẹ́ta ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ: omi mímu fún Abẹ́òkúta àti Èkó, omi tí wọ́n yóò fi máa bomi rin nǹkan bíi 3,000 hẹ́kítà ilẹ̀ oko, àti iná mànàmáná tó tó mẹ́gáwáàtì 9. Ẹ kíyè sí èkejì. Oko wà lára ìdí tí dáàmù náà fi wà.

Bí òjò bá ń pọ̀ jù lókè, àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù gbọ́dọ̀ ṣí omi díẹ̀díẹ̀. Bí wọn kò bá ṣí i, dáàmù lè ya, ìyẹn yóò sì burú ju gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, a rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Máídúgùrì nígbà tí dáàmù Alau ya. Nítorí náà n kò sọ pé kí wọ́n má ṣí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé ṣíṣí yẹn ti yí ìmọ̀ olóko padà. Ẹ lè gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu àwọn olóko ẹ̀bá odò yìí: "Òjò ò rọ̀, omi dé." Oòrùn ń ràn ní Owódé, ilẹ̀ gbẹ, ojú ọ̀run mọ́, kò sí ohun tí ẹni tó ń wo òfuurufú lè rí kà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti ṣí ohun kan lókè, omi sì ti wà lọ́nà. Ìmọ̀ tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́ lórí bí a ṣe ń ka odò kò lè ka ìpinnu tí wọ́n ṣe nínú ọ́fíìsì. Láti ìgbà tí omi ti di ohun tí wọ́n lè ṣí, ìròyìn nìkan ló lè rọ́pò ìmọ̀ yẹn.

A ti rí i bí ó ṣe máa ń rí tí ìròyìn kò bá tètè dé. Ní oṣù Kẹwàá 2010, omi bo Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ó bo Owódé àti agbègbè Mile 12, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí omi Ọ̀yán. Ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nílé wọn. Ìjọba Èkó kó àwọn kan lọ sí àgọ́ ní Agbọ̀wá. Ó dára kí a fi àgọ́ gba èèyàn, ẹ̀mí ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ewédú kò ní àgọ́. Nígbà tí omi fà, tí èèyàn sì padà sílé, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi sílẹ̀ ti di ẹrẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ bí òwò ẹ̀fọ́ ṣe ń lọ lè rò pé ohun tó sọnù kò ju ewé lọ. Kí olóko tó kórè, ó ti ra irúgbìn, ó ti ra ìgbẹ́ adìyẹ fún ilẹ̀, ó ti sanwó ilẹ̀, ó ti sanwó fún ẹni tó bá a ro ó. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń ta ẹ̀fọ́ sì máa ń ra bẹ́ẹ̀dì lórí ìdúró: wọ́n á wá wò ó nígbà tó kù díẹ̀ kó tó, wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á san àsansílẹ̀, wọ́n á sọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá fà á. Olóko ti fi àsansílẹ̀ yẹn san owó àjọ tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Bí omi bá dé láàárín ọjọ́ ìdúnàádúrà sí ọjọ́ fífà, ẹ̀fọ́ lọ, gbèsè sì kù. Kì í ṣe olóko nìkan ló pàdánù; ìyá ọlọ́jà náà ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ìkún omi ìgbà ìkórè fi yàtọ̀ sí ti ìgbà mìíràn. Bí omi bá gbé irúgbìn lọ, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ló gbé lọ. Bó bá gbé ìkórè lọ, ó gbé ohun tí olóko ti jẹ sílẹ̀ lọ.

Ohun kan wà nínú bí a ṣe ń ka àdánù tó máa ń dùn mí. Ní 2022, nígbà tí omi ya ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tí ó pa èèyàn tó ju 600 lọ, tí ó sì lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé, omi bo oko ìrẹsì ilé iṣẹ́ Olam ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Oko náà ju 4,000 hẹ́kítà lọ. Gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e, wọ́n sì fi iye dọ́là tó ṣòfò síbẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n má gbé e. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ogún bẹ́ẹ̀dì ṣọkọ? Ìjọba àpapọ̀ ti ní ilé iṣẹ́ adójútòfò fún àgbẹ̀, NAIC, láti 1987. Ẹni tó fi àdéhùn ẹnu gba ilẹ̀, tí kò ní ìwé, tí kò kọ iye tó ná sílẹ̀, kí ni yóò fi hàn wọ́n pé òun ní oko? Ohun tí a kò kà kì í wọ inú ìwé, ohun tí kò bá sì wọ inú ìwé kò sí nígbà tí wọ́n bá ń pín ìrànwọ́.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní oṣù Keje 2021, omi ya wọ àfonífojì Ahr ní Jámánì, níbi tí ọ̀pọ̀ olóko àjàrà kékeré ti ń ṣe wáìnì. Ó ju 130 èèyàn lọ tó kú níbẹ̀. Ìkórè àjàrà kù bí oṣù méjì. Omi wọ inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó wáìnì sí, ó gbé ẹ̀rọ àti àgbá lọ. Àwọn olóko àjàrà láti agbègbè mìíràn gbé katakata wọn wá, wọ́n bá wọn tọ́jú oko, wọ́n sì bá wọn kórè. Wọ́n ta àwọn ìgò wáìnì tí ẹrẹ̀ ti bò bó ṣe wà, ẹrẹ̀ lára rẹ̀, owó tí ó sì wọlé ju mílíọ̀nù mẹ́rin Yúrò lọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, wáìnì ọdún tó kọjá ṣì wà nínú ìgò; ẹlẹ́ẹ̀fọ́ kò ní ìgò. Ohun tí omi bá bá lórí bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo ohun tó ní. Èkejì ló wá kàn wá jù. Àjọ tó ń ṣọ́ ìkún omi fún Yúróòpù ti kìlọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí omi náà tó dé. Ìkìlọ̀ wà, kò dé etí àwọn tó nílò rẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi lè ṣe nǹkan kan sí i. Lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ní Jámánì fún ọdún bíi mélòó kan kì í ṣe òjò. Ta ló mọ̀, ìgbà wo ló mọ̀, ta ló sọ fún: ìyẹn ni.

Ibi tí iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde. Kì í ṣe pé kò sí ìkìlọ̀ nílẹ̀ wa. NiMet ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe rí, NIHSA ń sọ ibi tí ó ṣeé ṣe kí omi ya. Ìjọba Èkó náà máa ń kìlọ̀ fún àwọn ará Kétu, Alápẹ̀rẹ̀, Mile 12, Owódé Onírin, Ìṣẹ́rí àti Kara pé omi Ọ̀yán ń bọ̀. Ẹ wo èdè ìkìlọ̀ náà. Mílíọ̀nù kúbíìkì mítà ni wọ́n fi ń wọn omi. Wọ́n ní kí àwọn tó wà létí odò kó lọ sí ibi tó ga. Èèyàn lè kó lọ síbi tó ga. Ta ló lè kó ilá lọ síbi tó ga?

Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ní ọdún yìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn olóko ẹ̀bá odò ń lò fún omi ni mò ń kó jọ. Wọn kì í sọ pé omi pọ̀ nìkan. Omi gòkè yàtọ̀ sí omi ya. Omi fà yàtọ̀ sí omi gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn ìjìnlẹ̀, ara èèyàn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó mu èèyàn. Omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀ fún ọjọ́ kan, àgbàdo lè là á já. Bó bá dé orúnkún fún ọjọ́ mẹ́ta, ewédú ti lọ nìyẹn. Ìmọ̀ ti wà nínú èdè náà. Bí ìkìlọ̀ bá sọ pé, "Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò ṣí omi Ọ̀yán, ní ìhà Owódé, ó ṣeé ṣe kó dé orúnkún nínú oko tó wà létí odò, ẹni tó bá ní ẹ̀fọ́ tó ti tó, kó ká a ṣáájú ọjọ́ Àìkú," ẹni tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ rí mọ ohun tó máa ṣe.

Ẹ tún wo gírámà rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìkéde, omi ni wọ́n máa ń sọ di olùwà, bíi pé ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì jáde. Àwọn ará Owódé kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ti ṣí dáàmù" ni wọ́n ń sọ. Olùkọ́ wa ti sọ fún wa pé wọ́n tí à ń lò báyìí kì í tọ́ka sí ẹnìkan pàtó. Òótọ́ ni, síbẹ̀ kò pa ẹni tó ṣe é rẹ́. Nínú gbólóhùn yẹn, ẹnìkan wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lára géètì, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Mo rò pé àwọn ará Owódé ló sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí wọ́n bá sì wà níbẹ̀, a lè bá wọn sọ̀rọ̀. A kò lè bẹ òjò pé kó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣí géètì lè sọ ọjọ́ fún wa.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ọ̀nà odò ni wọ́n dáko sí, ẹni tó bá sùn sọ́nà kó má bínú sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo bi bàbá kan ní ìbéèrè yìí lóko rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe kúrò létí omi yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibo ni n ó ti rí ilẹ̀ mìíràn l'Ékòó tí wọn ò tíì kọ́lé sí?" Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Ibi tí omi ń bò nìkan ló kù fún oko ní àárín ìlú, nítorí òun nìkan ni àwọn onílé ò tíì gbà tán, àwọn náà sì ti ń da yanrìn sí i. Ilé tí a kọ́ dí ọ̀nà omi ń pa odò lára. Ẹ̀fọ́ kò dí omi lọ́nà. Bí a bá fẹ́ lé ẹnìkan kúrò ní ipa odò, kì í ṣe ẹlẹ́ẹ̀fọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ lé. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀dì ewédú wà lára ohun tó dára jù tí a lè fi ṣe ní ilẹ̀ tí omi yóò bò, bí olóko bá ti mọ ọjọ́ tí omi ń bọ̀.

Kí n má ṣe àbòsí, kì í ṣe dáàmù nìkan ló ń fa omi náà. Nígbà tí ọ̀sà bá kún, odò kì í rí ibi tú sí, yóò dúró, yóò sì padà sẹ́yìn sí oko. Ìdọ̀tí tí a ń dà sí gọ́tà ń dí omi. Ọ̀yán kì í sì ṣe Ògùn fúnra rẹ̀. Omi tí òjò Òkè Ògùn rọ̀ sínú odò kò gba géètì Ọ̀yán kọjá. Nítorí náà, nínú àmúwá yìí, àwọn tó mú un wá pọ̀: òjò mú tirẹ̀ wá, ọ̀sà mú tirẹ̀ wá, àwa ará ìlú mú tiwa wá, àwọn tó ń ṣí dáàmù mú tiwọn wá. Apá tó jẹ́ ti èèyàn la lè tún ṣe. Ẹni tó bá sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀, ó ti tú gbogbo wa sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkìlọ̀ nìkan kò sì tó. Bí gbogbo olóko bá gbọ́ pé omi ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn ni yóò ká ẹ̀fọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé. Ọjà Mile 12 yóò kún, owó yóò já wálẹ̀, ẹ̀fọ́ yóò sì rọ lórí àtẹ. Síbẹ̀, ìdajì owó sàn ju òfo lọ, ẹni tó rí ìdajì lè san àsansílẹ̀ padà. Bí ìkìlọ̀ bá sì dé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú dípò ọjọ́ méjì, wọn kò ní fi gbogbo rẹ̀ dé ọjà lọ́jọ́ kan. Ìyá ọlọ́jà náà yóò lè bá àwọn olóúnjẹ ṣe ètò. Ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ tuntun yóò fi irúgbìn rẹ̀ pa mọ́ títí omi yóò fi fà.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Mo fẹ́ràn òwe yìí nítorí pé ó gbé iṣẹ́ lé èèyàn lọ́wọ́. Àmọ́ onílé tí kò mọ̀ pé àgbàrá ń bọ̀, báwo ni yóò ṣe sọ pé òun kò gbà?

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù àti àwọn ìjọba tó ń gba ìròyìn lọ́wọ́ wọn máa kéde ọjọ́ ṣíṣí ní Yorùbá, Ègùn àti Hausa, lórí rédíò tí olóko ń gbọ́ lóko, bíi Radio Lagos àti Bond FM, kí wọ́n sì máa fi ìwọ̀n orúnkún àti ìbàdí sọ ọ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ka bẹ́ẹ̀dì kí omi tó dé, kí orúkọ olóko ẹ̀bá odò wà nínú ìwé ṣáájú àdánù. Fọ́nrán ohùn ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp, tí olórí àwọn olóko lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kù, yóò ṣe ju ojú ìwé mẹ́wàá Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Apá tiwa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀ka wa ló mọ bí a ṣe ń túmọ̀, tí a mọ bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, tí a ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ Ègùn nílé àti èyí tó gbọ́ Hausa. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa wà nílé iṣẹ́ rédíò, wọ́n wà nínú iṣẹ́ ìjọba, wọ́n wà nínú iṣẹ́ ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo kó jọ lẹ́nu àwọn olóko wà lọ́wọ́ mi, mo sì ṣe tán láti fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Bí èèyàn márùn-ún bá jáde nínú wa, a lè ti ní ìkìlọ̀ tó ṣe é gbọ́ ní èdè mẹ́ta nílẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó parí, kó kù kí wọ́n fi ọjọ́ àti ìwọ̀n omi sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù Kẹsàn-án ló kàn. Ewédú yóò ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.